Bàṣé Ẹ̀gbọ́n Mi àti Bàbá Orí Òkè

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìró ọkọ̀ tí ń súfèé bí ó ti ń gun òkè, ọkàn mi máa ń bàjẹ́. Àwọn ọmọ mi rò pé ariwo ni mi ò fẹ́. Kì í ṣe ariwo. Ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń rántí, àti bàṣé rẹ̀, àti ẹ̀rọ tí ó gbé sínú bàṣé náà, ẹ̀rọ tí ó gba oko kajú lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sì fún un ní nǹkan kan padà ju èéfín lọ.

Bàṣé ni a ń pe àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn wọn. Ti ẹ̀gbọ́n mi ti gbó kí ó tó di tirẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, ilẹ̀kùn apá ọ̀tún kì í ṣí láti inú, èmi tí mo sì máa ń jókòó níwájú ní láti na ọwọ́ síta láti ojú fèrèsé kí n tó lè sọ̀kalẹ̀. Iṣu ni mò ń tà. A jọ máa ń lọ sí àwọn abúlé tó wà ní ọ̀nà Bétérou, èmi á ra iṣu lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, òun á kó o wá sí Tchaourou fún àwọn tí ń fi ọkọ̀ ojú irin kó o lọ sí Kútọnú. Lójoojúmọ́ ni a ń jà. Ó ní mo ń sọ̀rọ̀ jù, mo ní òun kì í sọ̀rọ̀ tó. Ṣùgbọ́n bí ọkọ mi bá bi mí pé kí ló dé tí mi ò wá ọkọ̀ ẹlòmíràn, ọkọ mi ni inú mi á bí sí.

Ohun kan wà tí ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo awakọ̀ ọ̀nà yẹn lọ. Ó mọ ènìyàn kí. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, bí awakọ̀ bá dé ibi tí àwọn àgbà jókòó sí lẹ́bàá ọ̀nà, yóò dúró, yóò pa ọkọ̀, yóò sọ̀kalẹ̀, yóò lóṣòó, kí ó tó kí wọn. Ara kẹ̀kẹ́ ni a ti mú àṣà náà wá. Láyé bàbá wa, ọmọ tó bá jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kọjá lára àgbà, ẹjọ́ rẹ̀ á ti délé ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ wá dé, wọ́n ní ẹni tó wà nínú ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ pẹ̀lú sì gbọ́dọ̀ dákẹ́, nítorí a kì í pariwo lé àgbà lórí ká sì sọ pé à ń kí i.

Púpọ̀ nínú àwọn awakọ̀ ń ṣe é bí ẹni ń san owó orí. Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ gbádùn rẹ̀. Láti òkèèrè ni yóò ti pa ẹ̀rọ, bàṣé á wá yọ́ dé abẹ́ igi wẹ́rẹ́. Yóò lóṣòó, yóò kí wọn kú oko, kú ọ̀gbẹlẹ̀, kú ojú lọ́nà ọmọ tó lọ sí Nàìjíríà. Ó mọ ẹni tí orúnkún ń dùn, ó mọ ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. Èmi á máa làágùn nínú ọkọ̀, iṣu á máa gbóná lẹ́yìn, òun á ṣì máa béèrè àlàáfíà ìyàwó kékeré. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí ó bá kú, wọn yóò pẹ́ kí wọ́n tó rí i lọ́run, nítorí yóò kọ́kọ́ kí gbogbo èrò ẹnu ọ̀nà tán.

Láàrin gbogbo àwọn tí ó ń kí, bàbá kan wà tí ọ̀rọ̀ wọn wúwo jù. Abúlé wọn wà ní orí òkè kan kí a tó dé Bétérou, òkè olókùúta wẹ́wẹ́ tí ọkọ̀ ń ké kí ó tó gùn ún tán. Bàbá kì í ṣe ọba, wọn kì í ṣe olóyè. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí iṣu wọn bá wọ̀, òun náà ni iṣu gbogbo abúlé tó yí wọn ká ń wọ̀. Nígbà tí bàbá tó bí wa kú, tí ẹ̀gbọ́n mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bàṣé, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n, bàbá orí òkè yìí ló kọ́kọ́ kó iṣu fún un. Wọ́n ní ọmọ tó mọ ènìyàn kí kò ní í sọ ẹrù ẹni nù. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti kà wọ́n sí bàbá ara rẹ̀. Bí bàbá bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà Bétérou jẹ́ tirẹ̀. Bí bàbá bá kẹ̀yìn sí i, kò ní ọ̀nà kankan mọ́, àfi kí ó lọ máa wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Gbogbo wa la mọ èyí.

Nígbà tó yá, Renouveau dé, bí wọ́n ṣe ń pe ìjọba tuntun. Wọ́n ṣe àpérò ńlá ní Kútọnú, rédíò sọ ọ́ títí etí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, ẹnikẹ́ni lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni lè tà, ẹnikẹ́ni lè rà. Ohun tí àwa ní Tchaourou kọ́kọ́ rí nínú rẹ̀ ni ọkọ̀. Ọkọ̀ àlòkù láti ilẹ̀ àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé láti etíkun, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní okasíọ̀n, wọ́n lágbára, wọ́n sì ń fi iṣu gun òkè bí ẹni pé òwú ni wọ́n kó. Àwa pẹ̀lú bàṣé wa, bí a bá dé ẹsẹ̀ òkè, ẹ̀gbọ́n mi á ní kí gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tì í. Èmi náà á tì í, pẹ̀lú ìdí mi yìí, okasíọ̀n á sì kọjá lára wa, á da eruku sí wa lẹ́nu.

Ohun kejì tí Renouveau gbé wá ni àwọn olóṣèlú. Kí ìbò tó dé, ọkọ̀ wọn á gùn dé orí òkè pẹ̀lú àsíá. Wọn kì í pa ẹ̀rọ, wọn kì í sọ̀kalẹ̀. Inú ọkọ̀ ni wọn á ti máa fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kí àwọn àgbà, wọn á ju aṣọ tí àwòrán wà lára rẹ̀ sílẹ̀, wọn á sì ṣẹ́rí padà. Ó dun bàbá orí òkè gan-an. Wọ́n ní àwọn ènìyàn yìí ń kí àwọn bí ẹni ń lé adìyẹ. Wọ́n ní bí ìjọba tuntun bá túmọ̀ sí kí ọmọdé máa kí àgbà láti orí ìjókòó, àwọn ò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún kan, lásìkò iṣu tuntun, bàṣé kọ̀ jálẹ̀ lórí òkè náà pẹ̀lú iṣu bàbá nínú rẹ̀. Oòrùn pa iṣu náà kí a tó rí ẹni tó fà wá. Nígbà tí a lọ bẹ bàbá, wọn kò bínú, ìyẹn ló tilẹ̀ bà wá lẹ́rù. Wọ́n wo ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú àánú.

“Ọmọ mi,” wọ́n ní, “ọkọ̀ rẹ ti darúgbó jù mí lọ. Lọ́dún yìí, màá ṣì dúró dè ọ́. Tó bá di ẹ̀ẹ̀mí-ìn, iṣu mi ò ní lè dúró.”

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ tó lágbára. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó okasíọ̀n. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn awakọ̀ pé ènìyàn lè yọ ẹ̀rọ inú bàṣé kúrò, ohun tí wọ́n ń pè ní mọ́tẹ̀, kí ó sì fi ẹ̀rọ onítúrúbò, èyí tí ń fẹ́ atẹ́gùn fún ara rẹ̀ kí ó lè lágbára, tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ ńlá, rọ́pò rẹ̀. Ó ní bí òun bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun á gun òkè bàbá bí ẹni ń sáré lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Láti rí ẹ̀rọ náà rà, ó ta ìpín tirẹ̀ nínú oko kajú tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa, oníṣòwò kan ní Tchatchou ló rà á. Mo bá a jà. Mo ní igi tí bàbá wa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn kọ́ ni ènìyàn ń fi ra irin. Ó ní kajú ń so lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ọ̀nà ń so lójoojúmọ́. Mo pòṣé.

Ọkọ̀ ojú irin ló gbé ẹ̀rọ náà dé láti Kútọnú. Wọ́n fi ọ̀rá dì í, wọ́n fi okùn so ó, àwọn tó wà ní ìdíkọ̀ sì ń kí ẹ̀gbọ́n mi kú oríire bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì. Ó ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì kan ní Tchatchou, ọkùnrin kan tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, tó sì ti kọ́ṣẹ́ ní Parakou. Wọ́n gbé bàṣé sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa, wọ́n so ṣéènì mọ́ ẹ̀ka, wọ́n sì fa ẹ̀rọ àtijọ́ jáde. Ó kéré lójú mi nígbà tí mo rí i tó ń fì lórí afẹ́fẹ́, mo sì ń rò ó pé ṣé ohun tó ti ń gbé gbogbo wa láti ọjọ́ yìí nìyí.

Ẹ̀rọ tuntun kò gba inú rẹ̀. Irin tó yẹ kí ó gbé e dúró kò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, wọ́n gé e, wọ́n jó irin mìíràn mọ́ ọn. Wọ́n gé ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, wọ́n tún un so. Wọ́n wá agbomi, èyí tí ń mú ẹ̀rọ tutù, tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wọlé tán, ìdérí iwájú ọkọ̀ kọ̀, kò pa dé, nítorí túrúbò náà yọrí sókè. Mẹkáníìkì dá ihò sí ìdérí náà, ó wá ń wo káàkiri ohun tí yóò fi bo ihò, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí abọ́ tánganran mi, èyí tí mo fi ń kó àgbàdo. Kí n tó ti ìdí ààrò dé, wọ́n ti kàn án mọ́ orí ọkọ̀. Mo bú wọn dáadáa, àwọn méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn ní àsìkò yẹn. Inú èmi náà dùn, kí n má purọ́.

Ní ọjọ́ tí mẹkáníìkì máa padà sí Tchatchou, ó mú ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ wá síwájú ọkọ̀.

“Tonton, nǹkan kan ló wà o,” ó ní. “Túrúbò yìí, èéfín gbígbóná ló ń yí i, eré tó ń sá kì í ṣe kékeré. Tẹ́ ẹ bá gun òkè tán, ẹ má kupé mọ́tẹ̀, ẹ má pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ níbi tó dúró sí, kó mí. Tẹ́ ẹ bá kupé ẹ̀ nígbà tó ṣì ń yí, òróró ò ní dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ mọ́, á jóná. D'accord?”

Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé báwo ló ṣe máa pẹ́ tó. Ó ní bí ìgbà tí ènìyàn ń fẹ́ atẹ́gùn sí kókò, ẹ̀kọ mímu, tó gbóná títí yóò fi ṣe é mu. Ẹ̀gbọ́n mi ní d'accord, òun ti gbọ́.

Ìrìn àkọ́kọ́, mi ò lè gbàgbé rẹ̀. Ní ẹsẹ̀ òkè, mo ti ń na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn láti sọ̀kalẹ̀ lọ tì í gẹ́gẹ́ bí ìṣe, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n jókòó jẹ́ẹ́. Ìgbà náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ súfèé yẹn lábẹ́ abọ́ mi. Bàṣé gbéra, ó sì ń lọ. Okasíọ̀n kan wà níwájú wa, a kọjá lára rẹ̀, èmi náà sì yọ ahọ́n sí wọn. A dé òkè, bàbá wà lábẹ́ igi wọn. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ síbi kọ́kọ́rọ́, ó rántí ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì, ó mú ọwọ́ kúrò. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ tó ń ké, ó sì lọ lóṣòó.

Abọ́ mi ń gbọ̀n lórí ọkọ̀, ó ń dún wàrà wàrà. Bàbá fi ọwọ́ sí etí. Ẹ̀gbọ́n mi kí wọn, wọn kò gbọ́. Ó tún kí wọn, ó ní láti gbé ohùn sókè, ó di pé ó ń jágbe mọ́ àgbà. Mo rí i tí ojú ń tì í láti ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Bàbá dáhùn pẹ̀lẹ́, wọ́n wo ọkọ̀, wọ́n ní ó dà bíi pé ó ń kánjú lọ síbì kan. Lẹ́yìn náà wọ́n ní iṣu àwọn kò tíì wà nílẹ̀. A rí iṣu náà níbi tí wọ́n kó o jọ sí, òun àti èmi, a sì padà sínú ọkọ̀.

Kí a tó dé Bétérou, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú wa débẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tó mọ ènìyàn kí ti ń kí ènìyàn bí olóṣèlú. Àwọn obìnrin tí a jọ ń ra iṣu fi mí ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀ pàdánù ẹ kú ilé.

Ìgbà kejì, ẹ̀gbọ́n mi gbé ọgbọ́n mìíràn dá. Ó dúró lábẹ́ igi, ó jókòó sínú ọkọ̀ kí ẹ̀rọ mí tán, ó pa á, ó wá sọ̀kalẹ̀ lọ kí bàbá. Bàbá jẹ́ kó kí wọn tán.

“Mo rí ọ tó o jókòó tó ò ń wò mí,” wọ́n ní. “Ṣé ò ń rò ó bóyá kó o kí mi ni?”

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìgbà kẹta, ó wakọ̀ kọjá abúlé lọ, ó dúró sínú igbó lọ́hùn-ún kí ẹ̀rọ sinmi, ó wá fi ẹsẹ̀ rìn padà. Wọ́n ní ó ti kọjá àwọn tán kó tó rántí pé àgbà wà níbẹ̀. Kò sì ṣeé ṣe láti dúró nísàlẹ̀, nítorí òkè yẹn gan-an ló ń mú ẹ̀rọ gbóná, bẹ́ẹ̀ ni bàṣé tó kún fún ẹrù kò lè dúró láàrin òkè kí ó tún gbéra. Ibi tí bàbá jókòó sí ni ibi tó burú jù ní gbogbo ọ̀nà Bétérou láti pa ẹ̀rọ náà.

Mo ní kí ó sọ ọ́. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàlàyé fún bàbá. Ṣebí wọ́n lọ́gbọ́n lórí.” Ó wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè.

“Kí n sọ fún bàbá pé mo ní láti tọ́jú irin kí n tó kí wọn? Ẹnu mi yìí? Mi ò lè sọ ọ́.”

Pàṣán kan náà ni bàbá wa fi tọ́ àwa méjèèjì, nítorí náà mo mọ ohun tó ń sọ. Bí ọmọ bá jẹ àgbà ní ìkíni, a kì í ṣàlàyé, a máa ń san án ni. Ẹ̀gbọ́n mi sì san án. Nígbà tí a tún lọ, bí a ti gun òkè tán, ó pa ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, bàṣé yọ́ dé abẹ́ igi bíi ti àtijọ́, ó sọ̀kalẹ̀, ó lóṣòó, ó kí bàbá kú oko, ó kí wọn kú ara tí kò dá. Ojú bàbá là. Wọ́n ní káàbọ̀, ọmọ mi, ibo lo ti wà láti ọjọ́ yìí? Wọ́n pe àwọn ọmọ wọn kí wọ́n wá kó iṣu. A kún dé ẹnu.

Ọdún yẹn dára fún wa. Gbogbo abúlé tó ti ń wo okasíọ̀n padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Àmọ́ èmi tí mo máa ń jókòó níwájú, mo ń gbọ́ ohun kan. Bí ó bá ti pa ẹ̀rọ, tí gbogbo nǹkan dákẹ́, tí òun ti wà nílẹ̀ tó ń kí bàbá, súfèé kan á ṣì máa lọ lábẹ́ abọ́ mi, tín-ín-rín, òun nìkan, á máa tín-ín-rín sí i títí á fi tán. Ó ń yí lọ láìsí òróró. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n mi náà ń gbọ́ ọ. Kò gbé ojú sókè rí láti wo ọkọ̀ nígbà tó bá ń kí bàbá.

Nígbà tí èéfín aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, a pe mẹkáníìkì. Ó tú páìpù kan, ó ki ìka bọ inú túrúbò, ó mì ín, irin tó wà níbẹ̀ sì ń jó lọ jó bọ̀ bí eyín tó fẹ́ yọ. Ó béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi bóyá ó ń kupé ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ó ṣáà tún un ṣe. Ó ní kò sí àtúnṣe, àfi kí wọ́n ra òmíràn. Kò sì sí oko kajú mìíràn láti tà. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á máa rọra lò ó títí iṣu ọdún náà á fi tán.

Kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, a ti kó iṣu ní àwọn abúlé ìsàlẹ̀, a sì ń gòkè lọ gba ti bàbá. Bí a ti ń yọ sórí òkè, nǹkan kan fọ́ níwájú wa, súfèé náà di igbe, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹsẹ̀ kúrò, kò gbọ́. Ó yí kọ́kọ́rọ́, kò gbọ́. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò pátápátá, ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ ṣì ń ké. Mẹkáníìkì ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé òróró ara rẹ̀ ló ń mu, ìdí nìyẹn tí kọ́kọ́rọ́ kò fi lágbára lé e lórí. Lọ́jọ́ yẹn, ohun tí mo mọ̀ ni pé a fi búrẹ́ẹ̀kì dúró síwájú bàbá, iwájú wọn gan-an, èéfín sì bo igi, ó bo àwọn àgbà, ó bo gbogbo abúlé, ẹ̀rọ náà ń han lé wọn lórí bí nǹkan tí wọ́n ń dúńbú. Àwọn ọmọdé sá. Bàbá kò dìde. Lẹ́yìn náà ó dún gbàù, ó dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀kalẹ̀ nínú èéfín náà. Ó lọ lóṣòó síbi tó máa ń lóṣòó sí.

“Bàbá,” ó ní, “ẹ kú ìjókòó.”

Mo sunkún nínú ọkọ̀, mi ò sì lè sọ̀kalẹ̀, nítorí mi ò rántí bí wọ́n ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn náà mọ́.

Wọ́n tú bàṣé tà fún àwọn alágbẹ̀dẹ. Bàbá kó iṣu fún ọlọ́kọ̀ mìíràn, mi ò sì lè bá wọn wí, iṣu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi di awakọ̀ oníṣòwò kan láti Parakou, ó ń wa okasíọ̀n rẹ̀ lọ sí Bétérou, ọ̀nà kan náà. Olówó rẹ̀ máa ń jókòó tì í, kò sì gbà kí wọ́n dúró níbi tí kò bá ti sí ẹrù. Bí wọ́n bá dé orí òkè, fèrè ni ẹ̀gbọ́n mi ń fun, á sì kọjá. Wọ́n sọ fún mi pé kì í wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ rárá. Inú bí mi sí olówó rẹ̀, inú bí mi sí bàbá, inú tilẹ̀ bí mi sí Renouveau, bí ẹni pé ìjọba ló ní kí àgbà jókòó sórí òkè.

Ó pẹ́ kí n tó lè dúró ní abúlé bàbá. Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, ọ̀kadà ló gbé mi lọ, a ti gun òkè nínú oòrùn, ara mi kún fún eruku. Mo kúnlẹ̀ láti kí wọn. Bàbá na ọwọ́ pé kí n dúró ná, wọ́n ní kí wọ́n bu omi wá fún mi. Mo mu, mo fi díẹ̀ bọ́jú, ìgbà náà ni wọ́n ní kí n wá kí àwọn. Wọ́n béèrè ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní àwọn ń gbọ́ fèrè rẹ̀. Wọ́n ní ṣé ohun kan ni àwọn ṣe fún un.

Ohun gbogbo ti bàjẹ́ tán, kò sí ohun tí mo tún ń bò. Mo sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì, èéfín gbígbóná, òróró, ìdí tí ó fi ń fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ìdí tí ó fi jókòó, ìdí tí ó fi kọjá tó padà. Bàbá gbọ́ ọ tán.

“Ó gbóná ni?” wọ́n ní. “Ohun tí ò lè sọ nìyẹn? Ìwọ náà dé nísinsìnyí, ṣé mo jẹ́ kó o kí mi kó o tó mu omi? Ẹni tó bá gun òkè yìí dé, a máa ń jẹ́ kó mí ná. Tó bá ti sọ pé nǹkan náà ń mí ni, èmi ì bá jókòó tì í títí á fi mí tán. Níbo ni mò ń lọ?”

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ó ní ìwúwo. Gbogbo oko kajú yẹn, gbogbo ìtìjú yẹn, ife omi kan péré ló wà láàrin wọn, ó sì wà nínú àṣà kan náà tí a ń tẹ̀ lé. Mi ò ra iṣu kankan lọ́jọ́ náà.

Mo rò ó bóyá kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi tàbí kí n má sọ. Mo sọ. Ó ń fọ okasíọ̀n olówó rẹ̀ lẹ́bàá ìdíkọ̀ nígbà tí mo bá a. Ó ní kí n tún un sọ bí bàbá ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, mo tún un sọ. Ó ń fi aṣọ nu ojú gíláàsì kan náà, ó nù ún, ó nù ún. Mo ní kí ó máa bọ̀ lọ́jọ́ tí kò bá ní iṣẹ́, ká jọ gun ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ wọn. Ó mi orí. Ó ní pẹ̀lú ojú wo? Lẹ́yìn náà olówó rẹ̀ jáde, ó ní ó yá, ẹ̀gbọ́n mi sì kó korobá rẹ̀, ó gun orí ìjókòó, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ti ń gbéra kí ó tó yọ orí sí mi láti ojú fèrèsé, ẹ̀rọ náà sì ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní láti kígbe.

“Tó o bá tún débẹ̀,” ó ní, “bá mi kí wọn.”